Orúnkún Ológbò Tó Fara Pa: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Rẹ̀, Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Sàn

Ẹni tí ológbò rẹ̀ bá fara pa ní orúnkún sábà máa ń gbọ́ ìmọ̀ràn tí kò bára mu. Dókítà ẹran kan lè ní kí wọ́n sé ológbò náà mọ́ inú kéèjì fún oṣù kan àbọ̀, kí wọ́n máa wo bí yóò ṣe rí; òmíràn lè sọ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù; aládùúgbò kan yóò ní irú rẹ̀ ṣe ológbò tòun rí, òun kò sì ṣe nǹkan kan sí i tó fi sàn; ẹlòmíràn yóò sọ pé ńṣe ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kúrò pátápátá. Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn. Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo, pé orúnkún ti yẹ̀, ni a fi ń pe ìpalára oríṣiríṣi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Títí ẹ ó fi mọ èyí tó ṣe ológbò yín gan-an, ìrírí ológbò ẹlòmíràn kò lè tọ́ yín sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí orúnkún náà wà. Ibi tó tẹ̀ sẹ́yìn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ológbò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Orúnkún rẹ̀ wà lókè, nítòsí ikùn, ojú rẹ̀ sì kọ síwájú bíi ti ènìyàn. Egungun itan ló ti òkè wá, egungun ojúgun ló ti ìsàlẹ̀ wá, egungun kékeré pẹlẹbẹ kan sì bo iwájú orúnkún, ó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ nínú ipa tóóró kan tó wà lójú egungun itan. Kèrékèré méjì wà láàárín egungun itan àti ojúgun, àwọn ló ń gba ìwúwo ara mọ́ra kí egungun má baà máa ha egungun. Níwọ̀n bí kò ti sí kòtò jíjìn kan níbẹ̀ tí egungun kan lè kì bọ inú èkejì bó ṣe rí ní ìbàdí, okùn iṣan líle ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mẹ́rin ló ṣe pàtàkì jù lára àwọn okùn yìí. Méjì wà ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde. Méjì yòókù wà nínú orúnkún fúnra rẹ̀, wọ́n sì gba orí ara wọn kọjá bí àgbélébùú: okùn iwájú kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú, okùn ẹ̀yìn kì í sì í jẹ́ kí ó yọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń ta kánópì ìnáwó mọ̀ pé bí okùn kan bá já, kánópì náà yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n yóò ṣì dúró. Bí mẹ́ta bá já, ó wó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ orúnkún ológbò kò yàtọ̀ sí èyí, iye okùn tó já ló sì sábà máa ń pinnu ìtọ́jú.

Ìjàǹbá ọkọ̀ wà lára ohun tó ń já àwọn okùn yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni jíjábọ́ láti orí ilé gíga àti ajá tó fi eyín mú ẹsẹ̀. Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn: ológbò fò kọjá lórí fẹ́ǹsì tàbí láàárín irin ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan há, ara yòókù sì ń lọ sílẹ̀. Gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ yóò wá lọ́ orúnkún náà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kì í sábà jẹ́ okùn kan ṣoṣo ló ń já nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí dókítà dojú kọ. Ní ọdún 1987, àwọn dókítà ẹran ní New York tẹ ìwádìí kan jáde lórí ológbò 132 tó já bọ́ láti ilé alájà gíga láàárín oṣù márùn-ún. Àyà ló fara pa lára ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Egungun ẹsẹ̀ dá lára ìdá 39. Ẹsẹ̀ tó ń fì dirodiro ni gbogbo ènìyàn ń wò, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró tó ti ṣèjẹ̀, tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀ tó sì wá ń fún un mọ́lẹ̀ láti òde, ló ń pa ológbò. Dókítà yóò tẹ́tí sí àyà, yóò wo bóyá awọ tó pín àyà níyà sí ikùn ti ya, yóò wádìí bóyá àpò ìtọ̀ ṣì pé, yóò sì yẹ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àti òkè ẹnu wò. Àwọn olówó ẹran kan máa ń bínú pé ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó fọwọ́ kan orúnkún. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìtọ́jú gidi ni ìdúró yẹn. Orúnkún lè dúró de ọjọ́ díẹ̀. Oògùn tí ń mú ẹran sùn fún iṣẹ́ abẹ sì lè pa ológbò tí àyà rẹ̀ kò tíì bọ̀ sípò.

Nínú ilé, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀ ju ohun tí ẹ lè ṣe lọ. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sínú páálí tàbí bááfù ike, ẹ gbé ológbò náà sínú rẹ̀ láìfa ẹsẹ̀ náà, ẹ da nǹkan bo ojú páálí kí ibẹ̀ ṣókùnkùn, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn ìrora kankan tí ènìyàn ń lò. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àlàyé yìí, èyí ni ó dùn mí jù láti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní èròjà kan tó ń sọ paracetamol di ohun tí ara lè dà nù. Ti ológbò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Kóró kan ṣoṣo, ti mílígíráàmù 500, tó láti pa á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri mọ́, ẹran ìdí eyín rẹ̀ yóò ṣú bí ilẹ̀ tàbí bí aró, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, yóò sì máa mí gúlegúle. Ẹni tó bá ti fún un kó tó mọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kíákíá, nítorí pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní acetylcysteine lè gbà á là bí wọ́n bá tètè fún un. Ibuprofen àti diclofenac ń ba kíndìnrín àti inú rẹ̀ jẹ́. Alábùkún tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní aspirin nínú, aspirin sì máa ń pẹ́ gan-an nínú ara ológbò ju bó ṣe ń pẹ́ nínú ara ènìyàn lọ. Ẹ má fi òróró ìpara gbígbóná tí a fi ń pa ara tàbí ẹsẹ̀ ríro pa orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ohunkóhun tó bá kan irun ológbò, yóò lá a.

Ohun kejì tí kò yẹ ni dídi igi mọ́ ẹsẹ̀ náà. Àwọn tó ń to egungun ti ń fi igi àti aṣọ di egungun nílẹ̀ Yorùbá láti ayébáyé, kò sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú rẹ̀ yóò ran ológbò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ìdè tó lè mú oríkèé dúró, ó gbọ́dọ̀ mú oríkèé tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀. Èyí tó wà lókè orúnkún ni ìbàdí, itan ológbò sì fẹ̀ lókè, ó tóóró nísàlẹ̀, nítorí náà ìdè tí a so mọ́ ọn nílé yóò yọ̀ wálẹ̀, yóò dúró sórí orúnkún gan-an, yóò sì di ẹrù tó ń fa ibi tó ti já. Ó sàn kí ẹsẹ̀ náà wà lásán títí ẹ ó fi débẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ dókítà, ọwọ́ ló ń wádìí ìpalára yìí jù. Àwòrán X-ray máa ń fi egungun hàn dáadáa, kì í sì í fi okùn hàn. Ohun tó lè sọ ni pé egungun kan kò sí níbi tó yẹ kó wà, tàbí pé èérún egungun kékeré kan ti fà ya pẹ̀lú okùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fún ológbò ní oògùn tó máa mú un sùn kí wọ́n tó yẹ orúnkún wò, torí pé iṣan itan ológbò tó ń lajú, tó sì ń bẹ̀rù, máa ń le débi tí yóò fi mú orúnkún tó ti tú dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí ó bá ti sùn, dókítà yóò tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ tó fara pa yóò wà lókè. Yóò fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e di ìsàlẹ̀ egungun itan mú, yóò fi ọwọ́ kejì di orí egungun ojúgun mú, yóò sì rọra ti ojúgun síwájú láìká orúnkún kò. Lára orúnkún tó pé, ojúgun kò ní sún. Bí okùn iwájú bá ti já, ojúgun yóò yọ síwájú lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í sì í pọ̀, ìwọ̀n mílímítà díẹ̀ ni. Yóò tì í sẹ́yìn láti mọ̀ nípa okùn ẹ̀yìn, yóò wá tẹ ẹsẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan àti èkejì láti mọ̀ bóyá orúnkún ń ya ẹnu lápá inú tàbí lápá òde. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lára ẹsẹ̀ kejì tí kò fara pa, kí ó lè fi wé e.

Bí ó bá jẹ́ pé okùn iwájú nìkan ló já, níbí gan-an ni àwọn dókítà kò tíì fẹnu kò sí. Ajá tó wúwo kì í sábà rìn dáadáa lẹ́yìn irú ìpalára yìí láìṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ológbò fúyẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń padà rìn geere lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, bí ara ti ń hun àpá líle yí orúnkún ká. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ ń sọ pé kèrékèré tó ya lè fara pamọ́ sínú orúnkún náà, kí ó máa dun ológbò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, àti pé ẹsẹ̀ tètè máa ń padà gba ìwúwo ara bí wọ́n bá ṣe é. Lójú tèmi, bí ológbò bá fúyẹ́, tí orúnkún kò sì máa dún kẹ́kẹ́ bí wọ́n ti ń ká a, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fún ìsinmi láyè, kí a sì mú ọjọ́ kan pàtó tí a ó padà wò ó. Èyí tó ṣì ń tiro lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí wọ́n ṣí. Nínú irú iṣẹ́ abẹ kan tó wọ́pọ̀, dókítà máa ń gba okùn nylon tó nípọn kọjá lẹ́yìn egungun itan, yóò gbà á jáde nínú ihò tó lu sí iwájú egungun ojúgun, yóò sì so ó. Kì í ṣe okùn tí yóò wà títí ayé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú orúnkún dúró títí àpá ara fúnra rẹ̀ yóò fi le tó láti dì í mú.

Bí okùn méjì tàbí mẹ́ta bá ti já, ọ̀rọ̀ ìsinmi nìkan kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé okùn méjèèjì inú orúnkún yóò já pẹ̀lú okùn ẹ̀gbẹ́ inú, kèrékèré yóò sì ya pẹ̀lú wọn. Dókítà gbọ́dọ̀ ṣí orúnkún, kó yọ ibi tí kèrékèré ti ya, kó rán okùn ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fi ìṣó kékeré méjì àti okùn tuntun rọ́pò rẹ̀, kó sì wá ọ̀nà tí ojúgun kò fi ní máa yọ síwájú àti sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún orúnkún kọjá, tàbí kí wọ́n fi férémù irin mú un láti òde, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nítorí pé orúnkún tí kò ká fún ìgbà pípẹ́ yóò gan. Ká sòótọ́, orúnkún tí wọ́n tún ṣe báyìí kì í sábà ká tó bó ṣe ń ká tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ológbò tó ń rìn, tó ń sáré, tó sì ń gun àga, pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ṣe é fún.

Egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún náà lè dá. Bí ohun líle bá gbá a, tí ó sì pín sí méjì tó jìnnà síra, ológbò kò ní lè na ẹsẹ̀ náà mọ́, dókítà sì lè fi wáyà so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n mo rọ̀ yín kí ẹ béèrè ìbéèrè kan kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀: ṣé ohunkóhun gbá ológbò yìí lóòótọ́? Àìsàn kan wà tí Sorrel Langley-Hobbs, ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ẹran ní Yunifásítì Bristol, ti ṣèwádìí lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí egungun yìí ti ń dá láìsí ìjàǹbá kankan, lára ológbò tó ṣì kéré, tí eyín ọmọdé rẹ̀ kò sì ká lásìkò tó yẹ. Orúnkún kejì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà tó bá yá, egungun mìíràn sì lè dá lẹ́yìn rẹ̀. Egungun irú ológbò bẹ́ẹ̀ le, ó sì rọrùn láti fọ́, nítorí náà irin àti wáyà tí wọ́n bá kàn mọ́ ọn sábà máa ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Ìsinmi ló sàn jù fún púpọ̀ nínú wọn. Dókítà tó bá la ẹnu ológbò náà wò kó tó mú abẹ ti gba olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó tí kò lérè.

Egungun pẹlẹbẹ yìí tún lè yẹ̀ kúrò nínú ipa rẹ̀ láìdá. Wọn yóò rán ẹ̀gbẹ́ tó tú, tàbí kí wọ́n jin ipa náà sí i. Lára ọmọ ológbò tó ṣì ń dàgbà, ìsàlẹ̀ egungun itan gan-an ló sábà máa ń dá, ní ojú ibi tó ti ń dàgbà. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú un, ó sì tètè máa ń jinná.

Nígbà tí ìmọ̀lára bá ti kú nínú ẹsẹ̀, tí ojú egbò ti kẹ̀ dé inú oríkèé, tàbí tí agbára olówó ẹran kò ká iṣẹ́ abẹ ńlá, gígé ẹsẹ̀ náà jẹ́ ìtọ́jú tó ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ológbò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń sáré, ó ń gun nǹkan, kò sì sí ìtìjú kankan tó ń bá a. Ó sàn fún un ju kí ó máa wọ́ ẹsẹ̀ tó ń ro ó kiri lọ. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ẹran ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ẹni tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lè ní kí dókítà rẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ egungun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni iṣẹ́ ti yín wá bẹ̀rẹ̀, kò sì rọrùn. Ológbò yóò wà nínú kéèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kí kéèjì náà fẹ̀ tó kí ó lè dùbúlẹ̀, kó yí padà, kí àwo ìyàgbẹ́ rẹ̀ sì jìnnà díẹ̀ sí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kó má ga tó ibi tí yóò ti lè fò, kó má sì ní pẹpẹ nínú. Ẹ gé ẹnu ọ̀nà àwo náà kúrú kí ó má baà máa gbé ẹsẹ̀ ga wọlé, kí ẹ sì fi bébà tí ẹ ya wẹ́wẹ́ rọ́pò iyanrìn títí ojú abẹ yóò fi pa dé. Kí ìbọrùn ike tí wọ́n fi sí i lọ́rùn, kí ó má baà lá ojú abẹ, má kúrò títí wọn yóò fi yọ okùn ojú abẹ, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ara rẹ̀ yóò ti yá, yóò máa ké pé kí ẹ ṣílẹ̀kùn, àánú rẹ̀ yóò sì ṣe yín. Ìgbà yẹn gan-an ni okùn tí wọ́n so ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí àpá ara kò tíì le, fífò kan ṣoṣo láti orí àga sì lè tú gbogbo rẹ̀ ká.

Oògùn ìrora tí dókítà ẹran bá fún yín, bíi meloxicam ti ológbò, ìwọ̀n tó kọ ni kí ẹ lò, kí ẹ má fi ẹ̀kán kan kún un, kí omi sì máa wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo nítorí kíndìnrín. Bí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ẹ pe dókítà. Ológbò, pàápàá èyí tó sanra, tó bá lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn nìkan sì lè pa á. Ẹ má gba pé kò sí ìrora nítorí pé ó ń kùn nínú ọ̀fun, torí ológbò tó ń jẹ̀rora náà máa ń kùn. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Montréal gbé ìwọ̀n kan jáde tó ń lo ojú ológbò láti mọ ìrora: bí etí ṣe yà síra tó, bí ojú ṣe fún pọ̀ tó, bí ẹnu àti imú ṣe le tó, bí irun imú ṣe nà tó, àti bí orí ṣe rẹlẹ̀ sí ejìká. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ, ó sì dára kí ẹ wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nígbà tí dókítà bá fún yín láyè, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí ká orúnkún náà fún un. Ẹ dúró títí oògùn ìrora yóò fi ṣiṣẹ́, ẹ tẹ́ ológbò sí ẹ̀gbẹ́ lórí aṣọ ìnura, ẹ fi ọwọ́ kan gbé itan ró, ẹ fi èkejì di ojúgun mú, ẹ ká a díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ pé ó ń kọ̀ fún yín lọ́wọ́, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún nà án. Ìgbà mẹ́wàá tó, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ó bá yí etí sẹ́yìn tàbí tó yíjú wo ọwọ́ yín, ó ti tó nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, dókítà yóò tún yẹ ẹ́ wò, yóò ya àwòrán X-ray bó bá yẹ, ológbò yóò sì kúrò nínú kéèjì bọ́ sínú yàrá kan tí kò sí ohun gíga nínú rẹ̀ kó tó gba gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n bí ìka ẹsẹ̀ bá wú tàbí tó tutù, bí ojú abẹ bá ń rùn, tàbí bí ó bá ti ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dẹ́kun, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá.

Orúnkún tó ti fara pa báyìí máa ń ní làkúrègbé lọ́jọ́ iwájú, bí ó ti wù kí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ dára tó. Ìwọ̀n ara ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín jù: kílò kan péré tó bá fi kún ológbò oníkílò mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ ni. Ẹ má sì retí kí ó máa tiro kí ẹ tó mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ohun tí ẹ ó rí ni pé kò fò gun ojú fèrèsé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ́ pọ̀ nítorí pé kò lè yíjú lá a, èékánná rẹ̀ ń gùn, tàbí pé ó ń yàgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo dípò inú rẹ̀. Àpótí kékeré kan tí yóò fi ṣe àtẹ̀gùn lọ síbi tó fẹ́ràn láti jókòó máa ń ràn án lọ́wọ́, oògùn sì wà fún ìrora náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Solensia, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tí wọ́n ṣe fún ìrora làkúrègbé ológbò nìkan, lẹ́yìn tí Yúróòpù ti fọwọ́ sí i lọ́dún tó ṣáájú. Níbi tí kò bá sí, dókítà lè fi meloxicam díẹ̀ tọ́jú rẹ̀, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè nítorí kíndìnrín.